Bí Ohùn-Wúrà Ṣe Lọ Lu Ẹnu

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ lásán: ọmọ náà dára. Kì í jalè, kì í bú àgbà, bí ẹ bá sì rán an níṣẹ́, á lọ, á sì dé. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ẹnu ni. Bó bá fọ abọ́ kan, á ròyìn rẹ̀ títí abọ́ náà á fi tún dọ̀tí. Bí ajá bá lé e lójú ọ̀nà, kó tó délé, ajá ti di kìnnìún, kìnnìún náà ló sì wá ń sá fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ni, ó wá ń dún bí ohùn àgbàlagbà tó jẹun yó, láti ìgbà náà ló sì ti ń pe ara rẹ̀ ní Ohùn-Wúrà. Kò sẹ́ni tó bá a dá sí orúkọ yẹn. Òun ló sọ ọ́, òun ló ń jẹ́ ẹ, òun náà ló sì ń pè é jù.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọmọ wa kò dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ rárá. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ibi tó bá a dé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tí à ń gbé. Ìyá rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Ìyá Eléyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yàrá iwájú ni ibi iṣẹ́ rẹ̀: tábìlì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn ife omi tí eyín ń sùn sí, ẹ̀mú kéékèèké oríṣiríṣi, àti àwọn àwòṣe ẹnu funfun tí a fi ìyẹ̀fun pípò mọ láti ara ẹnu àwọn oníbàárà, tí a tò sórí pákó bí ẹni pé àwọn èèyàn kan dìde lọ, wọ́n gbàgbé ẹnu wọn síbẹ̀. Èmi ni mo ń bá a po ìyẹ̀fun, tí mo sì ń bá a dán eyín.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ojú èèyàn kó tó wo ẹnu. Bí ẹ bá bi í pé ta ló wá, á ní, "Ọkùnrin kan ni, èyí tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ fì sápá òsì." Láràárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, gbogbo ilé á tò sẹ́bàá fèrèsé, á mú dígí kékeré rẹ̀, á ní, "Ya ẹnu!" Ọmọ ni o, èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni o, a ó yanu. Inú irú ilé yìí ni Ohùn-Wúrà ti gbèrò láti fi nǹkan pamọ́ sẹ́nu. Ẹni tó fi ẹran pamọ́ sínú àwo ajá gbọ́n jù ú lọ.

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ibùdókọ̀ ojú irin kò jìnnà sílé wa. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi gígùn, ọ̀gá ibùdókọ̀ ń wá ẹni tí yóò máa kéde ọkọ̀ fún àwọn èrò, nítorí obìnrin tó ń ṣe é ti lọ bímọ. Ohùn-Wúrà lọ gbìyànjú, ó kéde, inú ọ̀gá sì dùn sí i.

"Bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè," ọ̀gá sọ fún un. "Bó o bá ṣe é dáadáa, ìwọ ni títí ìsinmi á fi parí. Bí ò bá dáa, kò níí dọjọ́ kejì."

Ẹ wá wo ilé wa! Kò sẹ́ni tó sinmi mọ́. Ẹnu ọmọ yìí kò tì mọ́, bí ilẹ̀kùn ọjà. Mo ń dán eyín, ó dúró tì mí.

"Àńtí, tó bá di Mọ́ńdè, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ohùn mi. Ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ á dúró!"

"Ṣé kì í dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Kò yé yín, Àńtí. Á dúró, kò ní fẹ́ lọ mọ́."

Bàbá kan jókòó sórí àga oníbàárà lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà kan báyìí tí a ti ń ṣe eyín fún láti ìgbà pípẹ́. Eyín náà kò tóbi jù, kò kéré jù, kò sì dùn ún. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi sẹ́nu, á wo dígí, á mi orí, á ní, "Ẹ ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò tíì dáa." Kí ni kò dáa níbẹ̀? Kò mọ̀. Nǹkan kan ṣáà kù. Bàbá Kò-Tíì-Dáa là ń pè é lẹ́yìn.

Ohùn-Wúrà yíjú sí i. "Bàbá, ẹ̀yin àtèmi, ẹnu la jọ ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n tèmi ni wọ́n máa sáré wá wò."

"Àṣẹ," ni Bàbá wí. "Kí tèmi ṣáà kọ́kọ́ jẹ ẹran ná."

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rí olórin kan lórí fóònù tí òrùka ètè rẹ̀ ń kọ mànà, ó wá lọ sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohùn tó dára gbọ́dọ̀ ní ẹnu-ọ̀nà tó dára, pé òun máa lu ẹnu kí Mọ́ńdè tó dé. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ha! Sọ fún Ohùn-Wúrà pé kò tó bẹ́ẹ̀, kó o wá wò ó bí yóò ṣe wọ bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lu etí, onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sọ ọ́ fún èmi àti gbogbo àdúgbò lẹ́yìn náà. Ibi tí mo bá ti bù mọ́ ọn, ẹ ṣe bí ẹni pé òun náà ló sọ ọ́.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, Àńtí Alábẹ́rẹ́, wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ mọ̀ sí i?"

"Ìyá mi kẹ̀? Iṣẹ́ ẹnu gan-an ni ìyá mi ń ṣe! Ìyá Eléyín! Òun ló ní kí n wá."

"Ìyá Eléyín ló bí ẹ? Ó dáa nígbà náà. Mélòó?"

"Mẹ́ta. Méjì létè, ọ̀kan láhọ́n. Ẹ má sì wulẹ̀ rọra ṣe é. Ara tèmi yìí, kì í gbọ́ ìrora."

Abẹ́rẹ́ kò tíì kàn án tó ti figbe ta. Nígbà tó wá kàn án wàyí, igbe tó ké ló mú kí onígbàjámọ̀ fá irun òkè ojú oníbàárà kan dànù, oníbàárà tó ní kí wọ́n ṣáà bá òun gé irun ìpàkọ́.

Àńtí Alábẹ́rẹ́ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ká fi mọ níbí?"

Ká ní òun nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ì bá ti délé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi imú lẹ gíláàsì níta, wọ́n ń wò ó. Ó na àtàǹpàkò sókè sí wọn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Mi ò sunkún o. Ojú mi ló ń làágùn."

Ó gba ìkejì. Ó gba ti ahọ́n. Òrùka aláwọ̀ wúrà méjì fì sí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà kan jókòó sórí ahọ́n. Ó wo dígí, ó fọwọ́ sáyà. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni ó wí. "Ẹnu ọba tí wọ́n lu, ẹwà ló tú dà sí i!" Gbólóhùn gígùn tó sọ kẹ́yìn nìyẹn, nítorí pé kí wọ́n tó délé, ahọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú, ó wú, ó kún ẹnu bí àlejò tó kó ẹrù wá.

Bẹ́ẹ̀ ni a rí Ohùn-Wúrà tó wọlé, tí kò sọ̀rọ̀. Ó mú ìbòmú kan lára èyí tí à ń lò nítorí eruku ìyẹ̀fun, ó fi bo ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ibi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun, ó fọwọ́ hàn sápá ibùdókọ̀.

"Ó ń tọ́jú ohùn de Mọ́ńdè ni," mo ní.

Ó mi orí gìdìgìdì pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, àbí? Mo ti bá a wá àwáwí tí òun fúnra rẹ̀ kò rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àlàáfíà wọlé. A gbọ́ ohùn ẹyẹ. A gbọ́ aago ara ògiri, tí mo ti rò pé ó ti kú. Ará ilé tó kọjú sí wa wá béèrè bóyá ọmọ wa rìnrìn àjò. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé, "Iṣẹ́ ti sọ ọmọ mi dàgbà." Oúnjẹ nìkan ló rú mi lójú: á gbé àwo tirẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, adìẹ ló sì ń sanra. Lọ́jọ́ kan ó ń mu omi tútù, ife dún, kín-ín!

"Kí ló dún yẹn?"

Ó nawọ́ sí eyín rẹ̀.

"Eyín rẹ ti di agogo ni?"

Ó ti jáde.

Sátidé dé. Mo ní ohunkóhun tó ń fi pamọ́, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ̀ tó gbé dígí, Ohùn-Wúrà ti gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìtara tan iná sẹ́nu àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Ó tan iná sẹ́nu mi. Ó ku òun nìkan. Ìyá rẹ̀ ní, "Yọ ìbòmú, ya ẹnu." Ibẹ̀ gan-an ni Bàbá Kò-Tíì-Dáa ti kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lú eyín rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Eléyín, mo tún ti wò ó. Kò tíì dáa."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, tìrẹ dọ̀la." Nígbà tí ọ̀la sì dé, ọmọ náà sùn láti òwúrọ̀, kò jí títí ìyá rẹ̀ fi gbàgbé.

Ó wá di Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ pa, ó wọ aṣọ tó dára, gbogbo wa lọ jókòó sórí àga gígùn nínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ ká lè gbọ́ ọmọ wa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dúró lẹ́bàá òpó. Bàbá Kò-Tíì-Dáa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀. Ní ìparí gbọ̀ngàn ni yàrá kékeré onígíláàsì wà, Ohùn-Wúrà jókòó síbẹ̀, gbohùngbohùn wà níwájú rẹ̀. Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rọra bọ́ ìbòmú bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ère.

"Kí ló ń dán lẹ́nu ọmọ yìí?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran ní ọ̀ọ́kán.

"Gíláàsì ni," mo ní.

Ó tan ẹ̀rọ. Ó ṣí ẹnu. Ohun tó jáde nínú àwọn sípíkà dún bí ẹni tó fi oúnjẹ gbígbóná sẹ́nu tí kò lè gbé e mì, tí kò sì lè tu ú dànù. Gbogbo èrò gbójú sókè. Ọ̀gá ibùdókọ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, "A ò gbọ́! Sún mọ́ ọn! Sún mọ́ ọn dáadáa!"

Gbohùngbohùn yẹn ti gbó. Àwọ̀n wáyà tó bo iwájú rẹ̀ ti já káàkiri. Ohùn-Wúrà sún mọ́ ọn, òrùka ètè ọ̀tún sì sún mọ́ ọn jù ú lọ. Ó wọ inú wáyà, ó kọ́ ọ.

"Yéè!"

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ọmọ wa kò bọ́ rárá. Ó há.

Ọ̀gá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó di gbohùngbohùn mú, ó fà á. "Ẹ má fà á! Ẹ má fà á mọ́!" Ìrora ti tú ahọ́n rẹ̀, ohùn náà bú jáde láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn. Àwọn alárùú ju okùn ẹrù sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jọ̀wọ́ ọmọ náà, ó ní, "Ẹ dákun, ọmọ mi ni o."

Ọ̀gá ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ, kò rí i. A sì ń gbọ́: "Ẹ bá mi pe màámi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe màámi!" Ohùn wúrà ti di ohùn ọmọ ewúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Àgbà kì í wà níbùdókọ̀ kí ètè ọmọ tuntun ya. Ó la àárín èrò kọjá, ó ti ń yọ ẹ̀mú jáde nínú báàgì bó ṣe ń lọ, nítorí kò sí ibi tí obìnrin yẹn ń lọ tí kò mú ẹ̀mú dání. Ó wọ yàrá onígíláàsì. Kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ.

"Ya ẹnu!"

Kí n má purọ́ fún yín, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yanu. Bàbá Kò-Tíì-Dáa yanu. Èmi náà ti yanu kí n tó mọ̀.

"Kí ni mo rí yìí? Yẹtí? Yẹtí méjì létè? Ètè rẹ ti di etí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ..."

"Dákẹ́! Yọ ahọ́n síta. Hẹ̀n-ẹ́n! Ó tún kù! Ṣé ṣọ́ọ̀bù ni ẹnu rẹ tó o fi ń pàtẹ ọjà sí i?"

"Màámi, gbogbo ayé ló ń gbọ́ o!"

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣé ìwọ kọ́ lo ní gbogbo ayé máa gbọ́ ọ ní Mọ́ńdè?"

Ẹ̀rín wó gbọ̀ngàn palẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹsẹ̀ àga mú. Ẹ̀mú dún kẹ́rẹ́, òrùka já, ọmọ bọ́. Ìgbà náà ni èrò kan kan gíláàsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ̀ wo ló ń lọ báyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi wo àkọlé tó wà lára ògiri, ó tẹ̀ síwájú, ó ní: "Ẹ̀yin èrò, èyí tó wà lójú irin kejì ló fẹ́ gbéra. Ẹ rọra wọlé, ẹ di ọmọ yín mú, ẹ sì máa fọ ẹnu kẹ́ ẹ tó sùn." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà jáde, tó bo ẹnu mọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn tọkàntọkàn. Kò wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló lọ.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé kí n padà wá lọ́la?"

Ọ̀gá ń nu omi ẹ̀rín lójú. "Padà wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu ti parí. Àsíá ni wàá máa jù."

Bí Ohùn-Wúrà ṣe di ẹni tó ń dúró lẹ́bàá ojú irin nìyẹn, tó ń ju àsíá aláwọ̀ ewé sí awakọ̀ pé kó máa lọ. Iṣẹ́ tí kò gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ gbogbo irin yẹn, ó sè wọ́n nínú omi gbígbóná, ó dà wọ́n sínú ife kan lórí tábìlì, ó gbàgbé wọn síbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ títí Bàbá Kò-Tíì-Dáa fi ti ìrìn àjò dé. Ó jókòó, ó wo dígí, ó mi orí.

"Ìyá Eléyín, ẹ ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n..." Ojú rẹ̀ bọ́ sínú ife. "Kí lèyí tó ń dán yìí?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ahọ́n ọmọ òmùgọ̀ ni, Bàbá."

Bàbá fi ìka gbé e sókè síbi oòrùn. Ó wò ó pẹ́. Ó yọ eyín rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi fi í sí tèmi. Eyín iwájú, lápá ọ̀tún."

A ṣe bí eré. A rọ ìlẹ̀kẹ̀ náà pẹlẹbẹ, a gbẹ́ ihò kékeré kan sára eyín, a tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, a dán an. Bàbá fi sẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín sí dígí lápá ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín lápá òsì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò mí.

"Ó dáa," ni Bàbá wí.

Mo bá a gbé àpò lọ sí ibùdókọ̀ nígbà tó tún fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀. Ohùn-Wúrà dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí tòsí. Bàbá kí wọn, ó rẹ́rìn-ín. Oòrùn bọ́ sí eyín náà.

"Háà! Bàbá, kí lẹ fi sẹ́nu?"

"Bàbá, ẹ tún rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ ká bá yín ya fọ́tò!"

Wọ́n pa ọmọ alásíá tì, wọ́n rọ̀gbà yí Bàbá ká. Èrò sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ wá wò. Ọ̀gá ibùdókọ̀ jáde ní ọ́fíìsì. Ohùn-Wúrà ju àsíá, ó tún jù ú, apá fẹ́ yọ, ọkọ̀ ojú irin kò mira. Awakọ̀ ti yọ ara síta dé àyà, ó ń bẹ Bàbá pé kó jọ̀ọ́, kó kọjú sápá ọ̀dọ̀ òun.

Ó pẹ́ kí Bàbá tó rí àyè kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa, ó dúró, ó fọwọ́ lé e léjìká, ó rẹ́rìn-ín sí i kí eyín náà lè dán dáadáa.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Ara tèmi yìí, kò tiẹ̀ gbọ́ ìrora kankan."